Afárá ni ẹ̀rọ ECMO: ibo ló ń gbé òbí wa lọ?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ohun tó mú wa kọ̀wé ni bí àwọn èèyàn wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ àgbàlagbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ohunkóhun tó bá ti ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, "ẹ̀rọ tó ń bá a mí" ni wọ́n ń pè é. Ìpè yìí ń ṣi ẹbí lọ́nà, torí ẹ̀rọ tó lè wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ohun tí ọ̀kan ń bèèrè lọ́wọ́ ara àgbà kọ́ ni èkejì ń bèèrè.

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí wọ́n bá la àyà rẹ̀ ló ń kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì ń yọ ọ́ fún kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Òmíràn ni bàlúùnù gbọọrọ kan tí wọ́n ń ti ìtan kì bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá: á wú nígbà tí ọkàn bá sinmi, á fọn nígbà tí ọkàn bá fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìrànwọ́ kékeré ni ti bàlúùnù. Bàlúùnù kò lè gbé ọkàn tó ti kọ iṣẹ́ pátápátá dìde. ECMO ni ọ̀rọ̀ tiwa dá lé, torí òun ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró papọ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ọ̀pá rọ́bà kan tó fẹ̀ tó mìlímítà 7 sí 8 ń fa ẹ̀jẹ̀ dúdú jáde láti inú iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Pọ́ǹpù tó ń yí tó ìgbà 3,000 sí 4,000 ní ìṣẹ́jú kan á ta ẹ̀jẹ̀ náà sínú àpótí kékeré kan tó kún fún àìmọye fọ́nrán tín-ín-rín oníhò. Ọ́síjìn ń gba inú àwọn fọ́nrán náà, ẹ̀jẹ̀ ń gba ẹ̀yìn wọn. Ibẹ̀ ni ọ́síjìn ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí sì ń jáde. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń gba ara àpótí náà kọjá kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tutù ju bí ara ènìyàn ṣe yẹ kó gbóná mọ. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pá kejì, tó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, á dá ẹ̀jẹ̀ pupa padà sínú iṣan tó ń gbé e kiri ara. Fún ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70, lítà 4 sí 5 ló ń gba inú ẹ̀rọ yìí kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ.

Ohun kan wà tí ẹbí lè fi ojú ara wọn rí níbẹ̀. Ọ̀pá tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ dúdú ju èyí tó ń dá a padà lọ. Èyí tó ń padà gbọ́dọ̀ pupa fòò. Bí àwọ̀ méjèèjì bá dọ́gba ní dúdú, ó ṣeé ṣe kí okùn ọ́síjìn ti yọ tàbí kí àpótí ti dí. Bí ọ̀pá bá sì ń gbọ̀n jìgìjìgì lórí ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ara kò tó ohun tí pọ́ǹpù fẹ́ fà: bóyá aláìsàn ń ṣẹ̀jẹ̀ níbì kan, bóyá omi ara rẹ̀ ló lọ sílẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ ló ń dì sí àyíká ọkàn tó ń fún un pa. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe tijú.

Kí ló ń sọ èèyàn di ẹni tó nílò rẹ̀? Nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n ń fi omi tútù tí potassium wà nínú rẹ̀ dá ọkàn dúró, wọ́n á sì fi irin di iṣan ńlá pa kí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ lè ríbi ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá tú irin náà, ọkàn gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkàn tó ti ṣàárẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n di iṣan rẹ̀ pa pẹ́ jù, lè kọ̀. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú 100 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, àwọn tó ń dé orí ECMO kì í tó 2. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn, tàbí kété tí wọ́n bá so ó tán, iṣẹ́ kan wà tí kò gbọdọ̀ fò wọ́n: wíwá ohun tó ṣeé tún ṣe. Ó lè jẹ́ iṣan tuntun tí wọ́n lò mọ́ ọkàn ló ká kò tàbí tó dí. Ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn ọkàn tí wọ́n pààrọ̀ ni kò jókòó dáadáa. Ẹ̀rọ àwòrán tí wọ́n ń ti ọ̀nà oúnjẹ wọ̀ yóò fi ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ hàn. ECMO tí wọ́n fi bo iṣan tó dí mọ́lẹ̀ kò wo nǹkan kan sàn. Ọjọ́ ló kàn ń sún síwájú.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọjọ́ orí. Nílùú Leipzig ní Jámánì, àwọn dókítà ṣe ìṣirò gbogbo àgbà tí wọ́n so ECMO mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn láti 1996 sí 2008. Ènìyàn 517 ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 63 tá a bá pín in dọ́gba. Nínú 100 wọn, nǹkan bíi 63 ni wọ́n tú kúrò lára ẹ̀rọ láàyè. Ẹ dúró lórí iye yẹn ná, torí òun ni wọ́n sábà máa ń sọ fún ẹbí. Àwọn tó jáde nílé ìwòsàn lọ sílé láàyè jẹ́ 25 péré nínú 100. Ìyàtọ̀ àárín 63 àti 25 ni ibi tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń fọwọ́ lérán, torí wọ́n ti ṣe ọpẹ́ tán lọ́jọ́ tí wọ́n tú ẹ̀rọ náà. Títú kúrò lára ẹ̀rọ kì í ṣe ìwòsàn. Kíndìnrín tó kú kò tíì jí, ẹran ara ti gbẹ, àrùn ẹ̀dọ̀fóró lè wọlé. Nítorí náà, bí dókítà bá sọ iye kan fún yín, ẹ bi í pé: ṣé iye àwọn tí ẹ tú kúrò lára ẹ̀rọ ni, àbí iye àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé?

Nínú ìṣirò Leipzig yìí, lílé ní ọdún 70 wà lára ohun tó ń dín ìrètí kù. Àmọ́ kò dá wà níbẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn kí wọ́n tó la àyà wà níbẹ̀, ìsanrajù wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lactate tó ju 4 lọ nínú ẹ̀jẹ̀ lásìkò iṣẹ́ abẹ. Lactate yìí ni èròjà tí ẹran ara ń tú jáde nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Àwọn tí wọ́n kàn ṣe àtúnṣe iṣan ọkàn nìkan fún ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ilé ìwòsàn tó ń fi ọjọ́ ìbí nìkan ti ilẹ̀kùn ń ṣàṣìṣe, èyí tó sì ń ṣe bí ẹni pé ọjọ́ orí kò já mọ́ nǹkan kan ń ṣàṣìṣe tó burú ju ìyẹn lọ. Ìyá ẹni ọdún 76 tó ń lọ sọ́jà fúnra rẹ̀, tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáká, tí iṣan kan péré ló dí lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ bàbá ẹni ọdún 68 tí ṣúgà ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò lè dìde lórí àga láìdi nǹkan mú.

Ìdánwò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ wọn mítà 5 sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí àgbàlagbà náà rìn ín bó ṣe máa ń rìn lójoojúmọ́, kí ẹnì kan máa wo aago. Bó bá gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ kò ní agbára ìpamọ́ tó pọ̀, ewu iṣẹ́ abẹ ọkàn sì ga fún un ju bí ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe sọ lọ. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ mọ iye tó jáde.

Ohun tó ń bàjẹ́ lára àgbà lórí ẹ̀rọ yìí ní ìdí, ó sì yẹ kí ẹbí mọ̀ ọ́n. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àgbà le, ẹfun ti dì mọ́ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ki ọ̀pá bọ iṣan ìtan, ọ̀pá náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ihò rẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ á sì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ki ọ̀pá tín-ín-rín mìíràn, tí kò tó mìlímítà 3, bọ iṣan yẹn kan náà kó kọjú sísàlẹ̀, kó máa bu ẹ̀jẹ̀ fún ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹsẹ̀ kan tutù, tó funfun tàbí tó ní àmì dúdú, tí èkejì sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ bèèrè bóyá ọ̀pá kékeré yẹn wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá sí àárín àyà dípò ìtan, ẹsẹ̀ á bọ́ nínú ewu yìí, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ á máa dà jù lójú ọgbẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ dídà ni wàhálà tó tóbi jù. Rọ́bà àti fọ́nrán kì í ṣe ara èèyàn; ẹ̀jẹ̀ tó bá kàn wọ́n fẹ́ dì. Heparin ni wọ́n fi ń dá a dúró kó má dì. Ṣùgbọ́n àyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là kò fẹ́ heparin rárá. Nítorí náà, wọ́n sábà máa ń dúró fún wákàtí 6 sí 24, títí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nínú ọ̀pá àyà yóò fi dínkù, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó ń gba ẹ̀jẹ̀ láti dì, kó má kọjá 180 sí 220. Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yìí náà, ó lé ní ìdajì àwọn ti Leipzig tí wọ́n tún àyà wọn ṣí padà. Nǹkan bíi 65 nínú 100 ló nílò ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín. Nǹkan bíi 17 nínú 100 ni àjálù ọpọlọ bá, yálà ẹ̀jẹ̀ tó dì ló lọ dí iṣan níbẹ̀ tàbí iṣan ló bẹ́. Bí ìyá yín bá kéré lára, ẹ tún fi èyí kún un: lítà ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni omi tí wọ́n ń kún inú ọ̀pá kí wọ́n tó so ó mọ́ èèyàn. Lára obìnrin kìlógíráàmù 50 tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ju lítà 3 àti díẹ̀ lọ, omi yẹn nìkan tó láti sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di aláìlágbára, á sì nílò ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kíákíá.

Èyí tí a rí pé wọn kì í ṣàlàyé fún ẹbí ni pé ẹ̀rọ yìí ń ti ẹ̀jẹ̀ padà lòdì sí ibi tí ọkàn fẹ́ tì í sí. Ọkàn ọ̀dọ́ lè fara dà á. Ọkàn àgbà tó ti le, tó ti ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà fún ogún ọdún, lè má lágbára tí yóò fi ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ wá bá a. Yàrá òsì rẹ̀ á kún, á wú, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á dúró sójú kan, á sì fẹ́ dì. Omi á tẹ̀lé e dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Àmì rẹ̀ wà lójú ẹ̀rọ tó ń fi ìfúnpá hàn: ìlà tó yẹ kó máa gòkè sọ̀kalẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n lè fi bàlúùnù tí a sọ lókè tàbí pọ́ǹpù tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Impella tú ìkún náà. Ìṣòro mìíràn ń bọ̀ nígbà tí ọkàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jí tí ẹ̀dọ̀fóró kò sì tíì jí: ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn tó ni ọkàn á máa gbé lọ sí orí, nígbà tí ẹsẹ̀ ń jẹ ọ́síjìn ẹ̀rọ. Ìdí rèé tí ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ máa wá láti ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún ló sún mọ́ ọ̀nà ọpọlọ jù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí a ń lọ gan-an. Afárá ni ECMO. Kò wo ọkàn sàn. Ó ń ra ọjọ́ díẹ̀ ni, ọjọ́ 3 sí 7 lọ́pọ̀ ìgbà. Afárá gbọ́dọ̀ ní èbúté. Fún ẹni ọdún 40, èbúté lè jẹ́ mẹ́ta: kí ọkàn rẹ̀ jí, kí wọ́n fi ọkàn ẹlòmíràn sí i, tàbí kí wọ́n gbin pọ́ǹpù tí yóò máa lò títí sí àyà rẹ̀. Ilé ìwòsàn púpọ̀ kì í fi ọkàn ẹlòmíràn sí ẹni tó ti lé ní 70, àfi àwọn díẹ̀ tí ara wọn le gan-an. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń gbin pọ́ǹpù náà fún àgbàlagbà kó máa lò ó títí ayé rẹ̀, àmọ́ ẹni tó ti wà lórí ECMO tí kíndìnrín rẹ̀ sì ti kọ iṣẹ́ kì í sábà ṣeé gbé dé ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń dúró de ọkàn tuntun ni owó ìjọba ń san án fún. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ òbí wa, èbúté kan ṣoṣo ló kù: kí ọkàn tiwọn fúnra rẹ̀ jí. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọkàn náà ti bàjẹ́ kọjá jíjí kí wọ́n tó la àyà, afárá tí kò dé ibì kankan ni wọ́n fẹ́ gbé e lé. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹbí bi oníṣẹ́ abẹ nìyẹn: "Bí ẹ bá so ó mọ́ bàbá, ibo lẹ ń gbé wọn lọ?"

Àkókò tó yẹ kí ẹ bi í ni ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, lójú bàbá tàbí ìyá náà fúnra wọn. A mọ̀ pé èyí nira lọ́dọ̀ wa. Bí dókítà bá ti ń sọ "bí ọkàn bá kọ̀ láti…", ẹnu gbogbo wa ló ń ṣe "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àdúrà náà dára. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àmín, ẹ jẹ́ kí dókítà parí gbólóhùn rẹ̀. Lóru ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n á ní láti pinnu, bàbá á sì wà lójú oorun iṣẹ́ abẹ. Ohun tí bàbá fẹ́ gan-an ló yẹ kó wà nínú fáìlì: ṣé wọ́n gbà kí wọ́n so ECMO mọ́ wọn; bí wọ́n bá gbà, fún ọjọ́ mélòó; ṣé wọ́n gbà kí wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ wọn títí ayé; ṣé wọ́n á fara mọ́ kí wọ́n yè é láìlè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí òbí yín wà lọ́dọ̀ yín ní England, ẹ má rò pé jíjẹ́ àkọ́bí fún yín ní àṣẹ. Lábẹ́ òfin Mental Capacity Act ti ọdún 2005, bí òbí kò bá lè sọ̀rọ̀, dókítà ló ń pinnu ohun tó dára jù fún un lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ẹnu ẹbí, àyàfi tí òbí bá ti fi ìwé Lasting Power of Attorney ti ọ̀rọ̀ ìlera yan ẹnì kan. Ìwé yìí kò wúlò títí ìjọba yóò fi fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn sì ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ má dúró dé ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún iṣẹ́ abẹ. Bí òbí bá sì fẹ́ kọ ẹ̀rọ amúnilàáyè sílẹ̀ pátápátá, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kó fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n bá ti so ẹ̀rọ náà tán, ẹ má bèèrè ní wákàtí wákàtí bóyá "ó ti dára". Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ máa bèèrè ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lactate ti lọ sílẹ̀ ju ti àná lọ bí? Ìlà ìfúnpá ti ń gòkè sọ̀kalẹ̀ bí? Nígbà tí wọ́n dín oògùn oorun kù, ṣé bàbá ṣí ojú, ṣé wọ́n fún yín lọ́wọ́? Láti bí ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, wọ́n á máa dán ọkàn wò: wọ́n á dín ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ẹ̀rọ kù ní ìlàjì lítà, ìlàjì lítà, títí yóò fi kù sí lítà 1 sí 1 ààbọ̀, wọ́n á sì máa fi ẹ̀rọ àwòrán wo ọkàn. Bí ọkàn bá ń ta ó kéré tán ìdá 20 sí 25 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ inú yàrá òsì rẹ̀ jáde, tí ìfúnpá kò sì já lulẹ̀, ó tó gbìyànjú. Èrò tiwa ni pé kí ẹbí àti dókítà jókòó lẹ́yìn wákàtí 72, kí wọ́n sọ òótọ́ ibi tí nǹkan dé. Bí ọjọ́ 7 bá pé, tí ọkàn kò mira, tí kò sì sí èbúté mìíràn, ara àgbà ni ẹ̀rọ náà ń jẹ lójoojúmọ́.

Fún àwọn tó ń gbèrò láti ṣe iṣẹ́ abẹ náà nílé ní Nàìjíríà, ẹ béèrè ní gbangba bóyá ilé ìwòsàn náà ní ECMO àti àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ní ọ̀sán àti ní òru. Ẹ̀rọ láìsí nọ́ọ̀sì tó dúró tì í àti iná tí kì í lọ léwu ju àìní ẹ̀rọ lọ. Bátìrì inú rẹ̀ wà fún gbígbé aláìsàn láti yàrá kan sí òmíràn, kò sí fún òru tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ yí pọ́ǹpù náà, irin tí wọ́n fi ń fún ọ̀pá pa sì gbọ́dọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí ilé ìwòsàn kan bá sọ fún yín pé àwọn kò ní in, ẹ má fi ìyẹn nìkan sá. Ẹ bi wọ́n irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń gbà ṣe àti irú èyí tí wọ́n ń kọ̀. Èyí tó mọ ohun tí kò lè ṣe ṣeé fọkàn tán.

Bó bá sì di pé wọ́n fẹ́ dá ẹ̀rọ dúró, ẹ mọ̀ pé wọn kì í kàn fa okùn iná yọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní oògùn ìrora àti oògùn oorun tó pọ̀ tó, wọ́n á pa ariwo àwọn ẹ̀rọ yòókù, kí wọ́n tó dín ẹ̀jẹ̀ kù, kí wọ́n sì fún ọ̀pá pa. Ọkàn tí kò bá lágbára ti ara rẹ̀ sábà máa ń dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, àwọn ọmọ tó wà lókèèrè, àlùfáà tàbí pásítọ̀ tí ẹ bá fẹ́, ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ fẹ́ dúró nínú yàrá. Wọ́n á fún yín láyè.

Àwa nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọkàn